Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì: “Mo tẹ tọ́rótù, ọkọ̀ mi ò dáhùn”

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni mo mú nínú wọn, torí pé ẹjọ́ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rò: ọkọ̀ tí wọ́n fi nǹkan kún, tàbí tí wọ́n yọ nǹkan lára rẹ̀, tó wá ń lọ́ra tí ẹsẹ̀ bá kan tọ́rótù. Mo máa pẹ́ lórí àkọ́kọ́, nítorí pé irú rẹ̀ ló ń wọ ọgbà iṣẹ́ wa jù.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Camry 2008 ni mo ń wà, èyí tí a ń pè ní Muscle, ẹ́ńjìnnì 2.4, jíà ọ̀tọ̀mátíìkì. Lọ́dún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe kó lè yá. Mo yọ àpótí fítà tó bá a wá, mo fi fítà onírìísí kóònù sí i, pẹ̀lú páìpù tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wẹ́dà gé kátálísì, agolo tó ń fọ èéfín ẹ̀sọ́ọ̀sì, kúrò, ó fi páìpù gbọọrọ dípò rẹ̀. Mo tún ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ pẹ́dà, pedal booster. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn gan-an. Ní báyìí, tí mo bá tẹ tọ́rótù láti gun òkè Mọ́kọ́lá, abẹ́rẹ́ RPM, èyí tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, á dúró sójú kan díẹ̀, lẹ́yìn náà á fò sókè, ọkọ̀ á sì já síwájú lójijì. Tí mo bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sàn-án, ó tún máa ń burú sí i. Mo ti pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, kọ́ìlì méjì àti pọ́ǹpù epo. Iná check engine ń tàn. Mẹ́káníìkì mi ní kí n lọ ra brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Àbúrò yín, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.*

Àbúrò mi, má ra brain box. Jẹ́ kí owó yẹn wà lápò rẹ ná.

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ òun ò fà kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: kí ló ń lọ́ra gan-an, ẹ́ńjìnnì ni àbí jíà? Abẹ́rẹ́ RPM ló máa dá ẹjọ́ yẹn. Tí abẹ́rẹ́ bá ń sáré gòkè, tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo, tí ọkọ̀ sì ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ lọ, inú jíà ni kí wọ́n wò. Ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tàbí ti jóná, ó sì lè jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ló ń yọ̀. Ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ bá kọ̀ láti gòkè, á jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ni kò rí ohun tó fẹ́ gbà lásìkò: afẹ́fẹ́, epo tàbí iná pọ́lọ́ọ̀gì. O ti sọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ pé abẹ́rẹ́ máa ń dúró kó tó fò. Ẹni tó bá wá ní kí o lọ ra jíà Tòkunbọ̀ ní Araromi, ní Gate, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì máa lọ.

Ohun kejì ni pé ọkọ̀ tí a bá ti yí padà, ohun tí a yí padà ni à ń kọ́kọ́ fura sí. Pọ́lọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti pọ́ǹpù tí ẹ ń yọ, tí ẹ ń dá padà, wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń fà dáadáa. Nǹkan mẹ́ta tó dé lẹ́yìn wọn lẹ fi sílẹ̀ láìbi í léèrè. Mi ò ní kí ènìyàn má ṣe ọkọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ tí wọ́n fi ọgbọ́n tún ṣe, inú mi sì máa ń dùn tí ọ̀dọ́ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó mọ ohun tó ń wò. Ohun tó ń dùn mí ni kí ó máa ná owó sórí ohun tí kò ṣe é ní nǹkan kan.

Booster ni ká kọ́kọ́ mú. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lórí Peugeot 504, okùn irin ló so pẹ́dà mọ́ kábúrétọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ló ń ṣí ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tààrà, kò sí alágbàsọ láàárín. Muscle ò ní okùn yẹn. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà lára pẹ́dà, àwọn ni wọ́n ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ dé fún brain box. Brain box á ro ó, á sì rán mọ́tò iná kékeré tó wà lára throttle body, ilé ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ náà, pé kó ṣí ìlẹ̀kùn tó báyìí. Àárín pẹ́dà àti brain box ni booster jókòó sí. Tí o bá tẹ pẹ́dà dé ìpín 15 nínú 100, ó lè sọ fún brain box pé 30 lo tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi yá lójú rẹ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Agbára ẹ́ńjìnnì ò fi ẹṣin kan ṣoṣo lé sí i. Tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò bá wá wọlé dáadáa, ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ méjèèjì ò ní bára mu mọ́, brain box á sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù kí ọkọ̀ má baà sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Pa ọkọ̀, yọ booster, so pẹ́dà padà bí Toyota ṣe so ó. Iṣẹ́ kékeré ni, kò sì ná ọ ní kọ́bọ̀.

Ibi tí mo fura sí jù lọ ni fítà yẹn àti páìpù rẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára ọ̀nà afẹ́fẹ́, MAF ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, airflow ni àwa mẹ́káníìkì ń pè é. Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tí iná ń mú gbóná. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lọ sínú ẹ́ńjìnnì á máa mú wáyà náà tutù, iye iná tí wáyà ń gbà kó má baà tutù ni brain box sì fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Orí ìṣirò yẹn ló ti ń mọ iye epo tí nọ́sù máa tú. Tí airflow bá parọ́, epo máa kéré jù tàbí kó pọ̀ jù, ó sì dájú pé tọ́rótù ò ní dáhùn bó ṣe yẹ. Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ tí o ṣe lè gbà sọ ọ́ di onírọ́.

Àkọ́kọ́ ni òróró. Púpọ̀ nínú fítà kóònù jẹ́ òwú tí wọ́n fi òróró pa kó lè máa mú eruku. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, tí wọ́n wá da òróró lé e ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ́ńjìnnì á fa òróró náà wọlé, á sì lẹ̀ mọ́ wáyà inú airflow. Tí ọyẹ́ bá wá dé, eruku á jókòó lórí òróró. Ọ̀kan wọlé sọ́dọ̀ wa lọ́yẹ́ tó kọjá tí ẹjọ́ rẹ̀ jọ tìrẹ gan-an. Mo tú skúrúù méjì tó di airflow náà mú, mo já sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì àti awò ńlá hàn án fún ẹni tó ni ọkọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó wà nínú ihò rẹ̀, tí kò ju orí ìṣáná lọ, tó yẹ kó mọ́ gaara, ti fi eruku rúsúrúsú ṣe aṣọ, okùn tín-ín-rín láti ara fítà sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wáyà tó bá wọ aṣọ bẹ́ẹ̀ ṣì ń ka afẹ́fẹ́, tí ọkọ̀ bá ń lọ geere ní márosẹ̀ o lè má mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Ìgbà tí o bá tẹ tọ́rótù lójijì, tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni wàhálà dé: aṣọ yẹn ò jẹ́ kó tètè mọ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, epo á kọ́kọ́ kéré, lẹ́yìn náà á ya wọlé. Ìdúró yẹn, àti fífò tó tẹ̀lé e, ni ẹsẹ̀ rẹ ń bá pàdé ní òkè Mọ́kọ́lá.

Oògùn ìfọ̀ airflow wà lọ́jà nínú agolo. Òun nìkan ni kí o fọ́n sí i. Má fi òwú nù ún, má fi ìka kàn án, má jẹ́ kí fọkanáísà fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi bẹntiróòlù tàbí carb cleaner fọ̀ ọ́. Wáyà náà máa ń já wẹ́rẹ́. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí o tó dá a padà sí àyè rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni fífẹ̀ páìpù. Inú ihò tí Toyota wọ̀n fún airflow ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ìṣirò. Ká ní ihò yẹn fẹ̀ tó mílímítà 70, tí páìpù tuntun wá jẹ́ 76. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ti fi nǹkan bí ìpín 18 nínú 100 pọ̀ sí i, nítorí náà afẹ́fẹ́ kan náà á rọra máa rìn. Wáyà ò ní tutù tó bó ṣe yẹ, airflow á ní afẹ́fẹ́ ò pọ̀, brain box á tú epo kékeré. Tí wọ́n bá tún gbé airflow sún mọ́ ẹnu fítà tàbí ibi tí páìpù ti kọ́lọ, afẹ́fẹ́ tó ń jà níbẹ̀ á máa mú kí ó ka nǹkan ṣégeṣège.

Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, èyí tí airflow ò rí. Wo gbogbo kílíípù láti airflow dé throttle body, di wọ́n. Wo họ́òsì kékeré tó ń bọ̀ láti orí kọ́fà fáfù. Páìpù tó bá ọkọ̀ wá ní ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀, ọ̀pọ̀ páìpù àgbélérọ ò ní in, àwọn kan á sì kàn fi họ́òsì náà sílẹ̀ gbayawu. Tan ẹ́ńjìnnì, mú páìpù náà dání, mì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Tí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, o ti rí i.

Ó ní ohun tí màá fẹ́ kí o rà, kò sì wọ́n: sìkánà Bluetooth kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Má kàn fi ka kóòdù kí o sì pa á rẹ́. Tí o bá rí P0171, ohun tó ń sọ ni pé epo kéré sí afẹ́fẹ́. P0101 ń tọ́ka sí airflow. P0420 kì í ṣe ohun ìyanu, o ti gé kátálísì. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni fuel trim, ìyẹn iye epo tí brain box ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò láti fi tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná tán. Wò ó nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí tọ́rótù, kí o sì tún wò ó ní RPM 2,500. Tí long term, ìyẹn fuel trim ọlọ́jọ́ pípẹ́, bá ju +10 nínú 100 lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ tọ́rótù, tó sì wá lọ sílẹ̀ ní 2,500, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan. Tó bá jẹ́ pé bí RPM ṣe ń gòkè ni òun náà ń gòkè, airflow ló ń kà kéré, tàbí kí epo má ní agbára tó. Wo iye gíráàmù tí airflow ń kà pẹ̀lú: lórí ẹ́ńjìnnì 2.4 tó gbóná, tí a ò tẹ̀, ó sábà máa ń wà láàárín 2 sí 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lórí fóònù kan náà, wo ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, torí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn ọ̀rọ̀ ọ̀sán wà. Àpótí fítà Toyota ń fa afẹ́fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ iwájú, níbi tó tutù. Kóònù tìrẹ jókòó gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń sun. Tí afẹ́fẹ́ ìta bá jẹ́ 30 ní ìwọ̀n Celsius, tí èyí tó ń wọlé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gbóná dé 60, nǹkan bí ìpín 9 nínú 100 ti dín kù nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń rí mì, kí a tó sọ pé brain box tún máa fa iná pọ́lọ́ọ̀gì sẹ́yìn nítorí ooru náà. O lo owó láti fi dín agbára ẹ́ńjìnnì rẹ kù. Ó ń dùn mí láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ti ẹ̀sọ́ọ̀sì, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o wò ni ibi tí wẹ́dà jó irin pọ̀, pàápàá èyí tó bá wà ṣáájú sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ tó ń yẹ èéfín wò lára ẹ̀sọ́ọ̀sì. Tó bá ń jò níbẹ̀, ẹ̀sọ́ọ̀sì máa ń fa afẹ́fẹ́ ìta mọ́ra láàárín ìmí kan sí èkejì, sẹ́ńsọ̀ á rò pé epo kéré, brain box á sì da epo sí i láìnídìí. Èéfín tó ń jò lábẹ́ ọkọ̀ tún lè wọ inú ilé ọkọ̀. Carbon monoxide ò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Tí o bá ti rí owó, dá kátálísì padà.

Nítorí náà, bí èmi bá ni Camry náà, àpótí fítà àtìbẹ̀rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ gbé padà, pẹ̀lú páìpù rẹ̀ àti fítà bébà tuntun. Màá fọ airflow. Màá já orí bátìrì díẹ̀ kí brain box lè gbàgbé ìṣirò àtijọ́, màá sì tan ẹ́ńjìnnì láìtẹ tọ́rótù títí á fi gbóná. Lẹ́yìn náà màá gun òkè kan náà, ní àkókò kan náà lọ́jọ́, kí AC wà bó ṣe máa ń wà. Tí ìlọ́ra bá lọ, a ti mú olè. Tí kò bá lọ, ìgbà yẹn ni màá tó ṣí throttle body kí n fọ èédú tó wà létí ìlẹ̀kùn rẹ̀. Pa ọkọ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án, má sì fi ipá ti ìlẹ̀kùn náà, torí mọ́tò inú rẹ̀ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èédú á wà níbẹ̀ dájúdájú tí ẹ́ńjìnnì rẹ bá ń jẹ ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì 2.4 ti ọdún yẹn sì wà lára àwọn tí Toyota gbà ní Amẹ́ríkà pé wọ́n máa ń jẹ ọ́ìlì, nítorí rìǹgì písítínì. Máa yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní ti pọ́ǹpù tí o pààrọ̀: láti ìgbà tí epo tí mẹ́táńọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni àwọn ènìyàn ti máa ń nàka sí pọ́ǹpù kí wọ́n tó wọ̀n nǹkan kan. Géèjì ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ pọ́ǹpù. Lórí Muscle, 44 sí 50 psi ló yẹ kó kà. Ní kí wọ́n so géèjì mọ́ ọn, kí wọ́n sì wò ó nígbà tí tọ́rótù bá wà ní títẹ̀, torí pé pọ́ǹpù ayédèrú lè ka 48 nígbà tí ọkọ̀ dúró, kó sì wálẹ̀ tí iṣẹ́ bá dé.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 ni mo fi ń ṣe takisí láti Ọ̀tà sí Ìkejà. Nígbà tí epo di ọ̀wọ́n, àwọn ọmọ mi dá owó, wọ́n bá mi fi gáàsì CNG sí i. Owó epo dín kù lóòótọ́, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ kọjá tírélà, ọkọ̀ ò tètè dáhùn mọ́. Ṣé wọ́n ti ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́ ni? Bàbá onítakisí, Ọ̀tà.*

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá, ẹ kú ìrìn ojoojúmọ́. Wọn ò ba ẹ́ńjìnnì yín jẹ́. Apá kan nínú ohun tí ẹ ń rí jẹ́ ìwà gáàsì fúnra rẹ̀, apá kejì sì ṣeé tún ṣe.

Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá lọ sọ́dọ̀ CNG, ọ̀nà tó dáa sì ni. Ṣùgbọ́n gáàsì máa ń gba àyè nínú ẹ́ńjìnnì ju epo olómi lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó ń wọlé dín kù. Ẹ́ńjìnnì epo tí wọ́n kàn fi gáàsì sí máa ń pàdánù nǹkan bí ìpín 10 sí 15 nínú 100 agbára rẹ̀. Agbára ẹṣin 130 ni wọ́n kọ sí ara Corolla yín nígbà tó wà ní tuntun. Ẹ yọ 13 sí 19 kúrò níbẹ̀, ẹ tún rántí pé sìlíńdà onírin tó wà nínú bọ́ọ̀tù lè ju kílò 50 lọ, ó sì ń bá yín lọ níbi gbogbo. Ìyẹn ò ní lọ tán. Ẹ máa fi àyè sílẹ̀ kí ẹ tó yọjú kọjá tírélà, tàbí kí ẹ yí i sí epo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá.

Èyí tó bá ju ìyẹn lọ ni ká wá. Ẹ fi epo wà á lọ́jọ́ kan, ní ọ̀nà tí ẹ mọ̀ dáadáa. Tó bá lọ́ra lórí epo náà, gáàsì ò mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ wo fítà, airflow àti pọ́lọ́ọ̀gì bí mo ṣe kọ fún àbúrò wa lókè. Tó bá jẹ́ orí gáàsì nìkan ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó fi í sí i, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè nǹkan wọ̀nyí. Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ fítà gáàsì kẹ́yìn? Ṣé wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ gáàsì, tí wọ́n sì wà ọkọ̀ náà ní ojú ọ̀nà kí wọ́n lè ṣètò rẹ̀, àbí inú ọgbà wọn nìkan ni wọ́n ti ṣe é? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí mo rí ni wọ́n ṣètò fún ìgbà tí ọkọ̀ bá tàn láìrìn nìkan, wọ́n ò ṣètò sí gígun òkè. Ṣé wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń fa iná pọ́lọ́ọ̀gì síwájú sí i? Gáàsì ń jó pẹ́ ju epo lọ, ó fẹ́ kí iná tètè dé.

Pọ́lọ́ọ̀gì ṣe pàtàkì lórí gáàsì ju lórí epo lọ. Ó ṣòro fún iná láti fò nínú gáàsì, nítorí náà tí àlàfo pọ́lọ́ọ̀gì bá jẹ́ mílímítà 1.1 bó ṣe máa ń wà fún epo, wọ́n sábà máa ń pa á mọ́ra sí 0.7 tàbí 0.8. Kọ́ìlì tó ti ń rẹ̀ á sì fara hàn lórí gáàsì ṣáájú kó tó fara hàn lórí epo.

Nǹkan kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín lè wò. Inú sìlíńdà, gáàsì wà ní nǹkan bí bar 200 nígbà tó bá kún. Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, reducer, tó ń rọ agbára yẹn sílẹ̀ kí nọ́sù gáàsì tó gbà á, omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì sì ló ń yá a nítorí pé gáàsì máa ń tutù nini nígbà tó bá ń tú jáde. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn díẹ̀, ẹ dúró, ẹ rọra fọwọ́ kan reducer náà. Ó yẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí kó gbóná. Tó bá tutù, tí ìrì ń ṣàn lára rẹ̀ tàbí tí yìnyín tilẹ̀ bò ó, omi ò dé ibẹ̀: ó lè jẹ́ pé omi rédíétọ̀ ti lọ sílẹ̀, tàbí họ́òsì ti dí. Ibẹ̀ ni ìlọ́ra ti ń wá. Ẹ má ṣe ṣí ojú ibi tí gáàsì ń gbà fúnra yín o, Bàbá. Tí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ pa ọkọ̀, ẹ ti fáàfù sìlíńdà, kí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi omi ọṣẹ wá ibi tó ti ń jò.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ láti Peckham, ní London. Golf GTI 2006 ni mo rà, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti ṣe remap fún un, ìyẹn ni pé ó ní kí wọ́n yí ètò inú brain box rẹ̀ padà. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ láti jíà kẹta, ìró fíìì máa ń jáde, kò sì fà títí á fi pẹ́. Àbúrò yín obìnrin.*

Àbúrò mi, ẹ́ńjìnnì 2.0 tó ní tọ́bò nìyẹn, ìró fíìì rẹ sì ti sọ tó ìdajì ìdáhùn fún mi: afẹ́fẹ́ tí tọ́bò fún pọ̀ ń sá lọ kó tó dé ẹ́ńjìnnì. Fáàfù kan wà lára tọ́bò náà, diverter valve. Lára àwọn ti ìgbà yẹn, rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló ń dí i, rọ́bà yẹn sì máa ń ya, ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe remap fún ni ó sì máa ń tètè ya lára rẹ̀ nítorí pé agbára afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i. Ní kí wọ́n tú u kí o fojú ara rẹ rí i. Tó bá ti ya, má wá èyí tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́. Èyí tí wọ́n ti tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni kí o béèrè. Tó bá ṣì dáa, kí wọ́n fi èéfín wá ibi tó ń jò lára àwọn họ́òsì tọ́bò. Kóòdù P0299 máa bá ọ̀rọ̀ yìí mu.

Ohun mìíràn wà tí o ò béèrè, tí mi ò sì lè fi pamọ́ fún ọ. Lórí ẹ́ńjìnnì yẹn, ife irin kékeré kan wà láàárín káàmù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, àti pọ́ǹpù epo alágbára gíga. Cam follower ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń jẹ. Tó bá jẹ dé ibi tí ó lu, pọ́ǹpù àti káàmù á bàjẹ́ tẹ̀ lé e, owó ńlá sì nìyẹn. Ife náà fúnra rẹ̀ ò wọ́n rárá. O ò mọ ìgbà tí ẹni tó tà á fún ọ wò ó kẹ́yìn, nítorí náà ní kí wọ́n yọ ọ́ wò kí o tó tún tẹ ọkọ̀ náà líle. Tí dúdú orí rẹ̀ bá ti lọ, tí irin funfun ń yọ jáde láàárín, pààrọ̀ rẹ̀, kí o sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà tí o bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Kóòdù P0087, tàbí kí ọkọ̀ má fà ní RPM òkè nìkan, lè jẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ṣé o ti sọ fún iléeṣẹ́ ìbánigbófò rẹ pé wọ́n ṣe remap sí i? Ní ìlú tí o wà, àyípadà ni wọ́n kà á sí, kódà bí kì í bá ṣe ìwọ lo ṣe é. Tí o ò bá sọ ọ́, wọ́n lè kọ̀ láti san owó nígbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ní kí ẹni tó máa tú fáàfù náà wo abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú, bóyá ẹni ìṣáájú ti gé kátálísì, torí pé ọkọ̀ tó yẹ kó ní i, tí wọ́n rí i pé kò sí níbẹ̀, ò ní yege nínú MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ìjọba ibẹ̀ ń béèrè.